Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀yìn Wo Sinimá

Ilé òwú ni ilé sinimá wa ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò, kó tó di ilé sinimá. Nígbà tí òyìnbó tó ń ra òwú kó ẹrù rẹ̀ lọ, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, oníṣòwò kan gba ilé náà. Ó fi pákó kan gbogbo fèrèsé pa kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, ó ta aṣọ funfun ńlá kan sí ògiri iwájú, ó to bẹ́ńṣì síbẹ̀, ó ní sinimá dé. Òwú kò tíì tán lára igi àjà. Bí ènìyàn bá ya ẹnu rẹ́rìn-ín jù, òwú á wọ ọ́ lọ́fun. Páànù ni òrùlé, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n sì ń fi àwòrán hàn. Páànù yẹn máa ń gbóná débi pé mo fi ojú ara mi rí ìyá kan tó gbé ẹyin wọlé láti tà, òròmọdìẹ ló kó jáde. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi. Mo bá wọn jẹ nínú àwọn adìẹ náà nígbà tí wọ́n dàgbà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí a bá ti wọlé tán, olùṣọ́ á fi ṣéènì wé e, á fi àgádágodo tì í láti inú, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀, á wá gbé àpótí jókòó tì í. Ó di ìgbà tí sinimá bá parí. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ṣàánú ẹnì kan tí inú ń run, tí òun ṣí i díẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ọmọ ìta ló gba abẹ́ apá òun wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí inú bá ń run ọ́, kó máa run ọ́ lọ.

Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà nígbà yẹn. Mo ti ka ìwé dé ibi tí èmi àti ìwé ti wo ara wa lójú, tí a sì gbà pé kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Faransé mi tó mi kí tíṣà, ó sì tó mi bẹ ọlọ́pàá. Bó bá ju ìyẹn lọ, mo ń méfò ni. Síbẹ̀, Sátidé kì í kọjá kí n má wà nínú ilé òwú yẹn, àfi Sátidé tí mo bá lọ sí oko àna.

Oko àna yìí ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fẹ́ ní ọ̀nà Glei. Iṣu díndín ló ń tà fún èrò ọkọ̀ lẹ́bàá títì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé iṣu lọ. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò bí tiwa. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ máa sìn lóko bàbá ọmọ, kó kọ ebè, kó ro oko, kó gbé iṣu wọlé. Èmi náà ń sìn. Àmọ́ àwọn Sátidé kan wà tí ebè ń retí mi, tó sì jẹ́ pé iwájú aṣọ funfun ni mo wà. Mo máa ń ránṣẹ́ pé ibà dá mi dúbúlẹ̀. Ibà náà wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ọmọ fi ń sunkún mi. Ẹlẹ́nu kan ló lọ sọ fún bàbá pé kì í ṣe ibà, sinimá ni.

Mo dé ilé wọn lọ́jọ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò ní kí n dìde.

"Wọ́n ní ilé kan ń jẹ owó rẹ ní Atakpamé."

"Bàbá, sinimá ni."

"Bó bá jẹ owó rẹ tán, kí ló ń fún ọ? Ṣé iṣu ni, àbí aṣọ?"

"Àwòrán ni wọ́n ń fi hàn wá, Bàbá. Àwòrán tó ń rìn."

"O wá gbé àwòrán náà wálé?"

"Rárá, Bàbá. Ibẹ̀ náà ló ń tán sí."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ń bó iṣu bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. "Ṣé o gbọ́? Ẹni tí o ní o fẹ́ fẹ́ ń ra ohun tí ń tán síbẹ̀."

Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó ní, "Iyọ̀ náà, inú ìkòkò ló ń tán sí, Bàbá. A ò tíì ní ká má rà á mọ́."

Bàbá wò ó, ó wò mí lórí ilẹ̀ níbi tí mo wà. Ó ní, "Ó dáa. Mú mi lọ ní Sátidé. Bí ohun tí mo bá rí níbẹ̀ bá tó owó tí wọ́n ń gbà, mo ti fún ọ lọ́mọ. Bí kò bá tó, má dé ojúde mi mọ́, ì báà jẹ́ láti ra iṣu díndín."

Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ń sìn mí dé títì, ó ní, "Ẹ yan èyí tó dáa o. Bí ẹ bá mú bàbá mi lọ wo ìrànù, awakọ̀ ni màá fẹ́. Wọ́n pọ̀ níbí."

Ọjọ́ Sátidé pé. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà ọdún lórí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Àfi bí a ṣe wọlé tí mo rántí ohun tí mo ti gbàgbé.

Ní agbo ilé wọn, èèwọ̀ ni kí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ kọ ẹ̀yìn sí bàbá ọmọ. Kò gbọdọ̀ bá a jókòó lórí ìjókòó kan náà. Kò gbọdọ̀ dìde kí bàbá tó dìde. Lílóṣòó ni yóò lóṣòó, kó kọjú sí i, títí di ọjọ́ tí bàbá fúnra rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Yí padà." Lóko, mo ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń kọ ebè bí akàn, ebè mi sì dára ju ti ẹni tó ń lọ tààrà lọ. Ṣùgbọ́n ní ilé sinimá, apá ibì kan ni gbogbo bẹ́ńṣì kọjú sí.

Bàbá jókòó. Mo rọra fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yìn mi lo fẹ́ wà? Ṣé olè ni ọ́?"

Mo bọ́ síwájú. Mo lóṣòó sórí ilẹ̀ láàárín bẹ́ńṣì méjì, mo kọjú sí àna mi, mo kọ ẹ̀yìn sí aṣọ funfun. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ṣéènì tó ń ró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí àgádágodo sì dún kọ̀. Mo ti sanwó, wọ́n ti tì mí mọ́lé, n kò sì ní rí nǹkan kan.

Iná kú. Ìmọ́lẹ̀ bẹ́ jáde lókè orí wa. Ojú bàbá ni mo ń wò. Ìmọ́lẹ̀ sinimá ń jó lójú rẹ̀, ó ń funfun, ó ń dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ ń tàn bí ẹni pé ẹnì kan gbé fìtílà síbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú sinimá ọjọ́ náà nìyẹn.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo na etí. Faransé ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà tó ń jò nínú àpò tó ya. "Wọ́n ń kí ara wọn ni, Bàbá."

"Kíkí yìí pọ̀ o. Ta ni ọmọbìnrin yẹn?"

"Ọmọ ilé ire ni, Bàbá. Kò tíì lọ́kọ." Mo rò pé ìyẹn á dùn mọ́ ọn.

Mo gbọ́ fèrè réluwéè. "Réluwéè ni, Bàbá, bíi èyí tó ń dúró ní Agbonou."

"Mo rí i. Ojú mi ló ń wò ó, tìrẹ kọ́. Ọkùnrin kan ti dé. Ó ń bá ọmọbìnrin náà gbé àpótí. Wọ́n ń fi èjìká kan ara wọn rìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ta ni ọkùnrin yìí?"

Ẹ rò ó wò. Mo ti ní ọmọbìnrin náà kò lọ́kọ. Bí mo bá ní ẹni tó ń fẹ́ ẹ ni, bàbá á ní, áà, èyí ni wọ́n ń kọ́ ọ nílé yìí ní gbogbo Sátidé, kí o máa fi èjìká kan ọmọ ọlọ́mọ lójú títì nígbà tí o kò tíì san nǹkan kan. Ahọ́n mi sá síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọ ìyá kan náà."

Ojú bàbá là. "Ẹ̀gbọ́n rere! Ó ń gbé ẹrù àbúrò rẹ̀."

Láti ìgbà náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ara rẹ̀. Mo ní ìyá wọn ń ṣàìsàn ní ìlú ńlá, wọ́n ń lọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní bàbá wọn ló rán ẹ̀gbọ́n pé kó má fi àbúrò sílẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ìyá aláṣọ kan, Mùsùlùmí ará Nàìjíríà tó ń ta aṣọ lọ́jà wa, jókòó lẹ́yìn bàbá. Ó tẹ̀ síwájú.

"Ọmọkùnrin, gbé ohùn sókè. Àwa náà sanwó, a ò gbọ́ Faransé."

Mo gbé ohùn sókè. Bẹ́ńṣì kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Kí n tó mọ̀, ìdajì ilé náà ti kọ etí sí mi. Òógùn ń ṣàn láti orí mi dé ẹsẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ mi rọ tó láti gbin ìrẹsì.

Ni gòjé òyìnbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lọ sí sinimá láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀lé gòjé bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀. N kò lè yíjú padà. Ojú bàbá ni mo tẹjú mọ́, mo rí i bí ẹ̀rín ṣe dúró níbẹ̀, bí kò ṣe mọ ibi tí yóò lọ.

"Ó di àbúrò rẹ̀ mú," ni bàbá wí.

"Ó ń tù ú nínú ni, Bàbá. Nítorí àìsàn ìyá wọn."

"Ó fà á mọ́ra."

"Àìsàn náà le ni, Bàbá."

"Ẹnu! Ó fi ẹnu ko ẹnu rẹ̀!"

Àwọn ọmọ ìta fọn fèrè. Ìyá aláṣọ fi ọwọ́ bo ojú. "Àsìtàgàfúrúlláì! Ọmọ ìyá kan náà?"

Bàbá dìde. Èmi náà wá láǹfààní láti dìde, àmọ́ ó ti gbá mi léjìká mú, ó ń fi mí la ọ̀nà láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn títí a fi dé ọ̀dọ̀ olùṣọ́. Ẹ̀yìn ni mo fi rìn débẹ̀.

"Ṣí ilẹ̀kùn."

"Bàbá, ẹ jókòó. Kò tíì tán."

"Ọmọ ìyá méjì ń ṣe èèwọ̀ níbí, o wá tì wá mọ́lé pẹ̀lú wọn?"

"Sinimá ni, Bàbá."

"Ta ni bàbá wọn?"

"Èmi kọ́ o," ni olùṣọ́ wí, ó sì fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn àgbà ìgbà náà gbà gbọ́, kí ẹ má baà rò pé orí bàbá gbóná lásán. Bí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ló bá wọn pín in, àfi bí ẹbí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ bá mú ewúrẹ́ wá láti fi tu ilẹ̀ lójú. Àgbà tó bá rí i tó sì dákẹ́, òun ni èèwọ̀ yóò bá wálé.

Bàbá kò ní dákẹ́. Ó padà lọ dúró síwájú aṣọ funfun. Òjìji fìlà rẹ̀ tóbi bí erin, ó bo àwọn méjèèjì pátá, ó sì fún wọn ní ìtìjú tí wọn kò ní fún ara wọn. Ó na ìka sí wọn. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ṣé ẹ ò nílé ni?" Apá kan ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ jókòó!" Apá kejì, àwọn ará bẹ́ńṣì tèmi, ń dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀! Òótọ́ ló ń sọ!"

Èmi wà láàárín. Bí mo bá sọ òótọ́, pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, òpùrọ́ ni mí, ọmọ ti lọ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, sinimá di ilé èèwọ̀, ọmọ ti lọ náà nìyẹn. Ilẹ̀kùn méjèèjì ló ní ṣéènì. Mo ṣe ohun tí eku ń ṣe bí wọ́n bá dí ojú ihò rẹ̀ méjèèjì: mo gbẹ́ ẹ̀kẹta.

"Bàbá! Ẹ jókòó kí n gbọ́! Ìyá àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní àṣírí ti tú. Ó ní kí ẹbí lọ wá ewúrẹ́ kíá!"

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ewúrẹ́? Òyìnbó mọ̀ nípa ewúrẹ́?"

"Àwọn náà ní èèwọ̀, Bàbá."

"Kò sí ìlú tí kò ní," ni ìyá aláṣọ wí. "Ẹ wá jókòó, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká rí ewúrẹ́."

Ó jókòó. Mo lóṣòó. Gbogbo wa wá ń retí ewúrẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún nínú sinimá, bàbá á ní, "Ṣé òun nìyẹn?" Nígbà tó rí ẹṣin, mo ní ẹṣin ni wọ́n ń gùn lọ sọ́jà ewúrẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń jẹun, mo ní ìpàdé ẹbí ni, wọ́n ń jiyàn ẹni tí yóò rà á. Gòjé dún, ó dún, ó sì dákẹ́. Iná tàn. Aṣọ padà di funfun. Wọ́n tú ṣéènì, àwọn ènìyàn ń jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mira lórí bẹ́ńṣì wa.

"Ewúrẹ́ dà?" ni bàbá bi mí.

"Ó kù, Bàbá. Wọ́n pín in sí méjì ni. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n á fi èyí tó kù hàn."

Ní ìta, oòrùn ṣán wa lójú. Bàbá ṣí fìlà, ó nu orí. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀ nínú eruku, àwọn èrò ọjà ń wò mí. Mo ń retí ẹjọ́ mi.

Ó ní, "Owó yẹn pọ̀. Wọ́n ti ènìyàn mọ́lé, wọ́n fi èèwọ̀ hàn án, wọn ò fi ètùtù rẹ̀ hàn án." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ṣùgbọ́n n kò lè dá ẹjọ́ ohun tí kò tíì parí. Lọ wò ó ní Sátidé, kí o wá sọ fún mi lóko."

Mo lọ. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fi hàn, àwọn ọkùnrin tó ń yìnbọn fún ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, àní kò sí ẹran nínú ọbẹ̀ wọn. Nígbà tí mo dé oko, bàbá ti gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó ń dúró dè mí.

"Wọ́n ti rí ewúrẹ́, Bàbá. Àmọ́ ó já okùn, ó sá lọ."

Bó ṣe fún mi lọ́mọ nìyẹn. Ó ní kì í ṣe pé sinimá tó owó rẹ̀. Ó ní bí òun bá lé mi, ta ni yóò máa sọ ti ewúrẹ́ fún òun? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tó yẹ kó sọ fún mi pé, "Yí padà," kó tú mi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú gbogbo ọkọ ọmọ sílẹ̀, ó wò mí níbi tí mo lóṣòó sí pẹ̀lú agbádá tuntun. Ó ní, "Ó di ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá dé."

N kò tún ní Sátidé kankan mọ́. Oko bàbá ló ni gbogbo rẹ̀. Èmi tí mò ń sá fún ebè nítorí sinimá, mo wá ń kọ ebè, mo sì tún ń ṣe sinimá níbẹ̀, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ojú mi sí àna mi. Ewúrẹ́ náà rìn. Ó wọ réluwéè láìsanwó. Ó sọnù ní ọjà Moretan, wọ́n rí i nídìí ẹlẹ́lùbọ́. Bí mo bá fẹ́ mú un délé, ẹ̀rù á bà mí: bí ọ̀rọ̀ bá parí, bàbá á dá ẹjọ́ rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ẹjọ́ náà yóò gbà. Mo sì tún fẹ́ yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo wà láàárín méjèèjì, ọdún ń gorí ọdún.

Bàbá kì í gbàgbé nǹkan. "Funfun lo pè é lọ́jọ́sí. Báwo ló ṣe di dúdú?"

"Ẹrẹ̀ ni, Bàbá. Òjò pọ̀ lọ́nà."

Ìyàwó mi á fi etí aṣọ bo ẹnu. Nílé, á ní, "Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ewúrẹ́ yẹn lẹ ń tọ́jú mi, ǹ bá ti sanra."

Nígbà tí wọ́n kọ́ ìdídò omi Nangbéto, tí odò Mono kún bo oko àwọn ènìyàn, mo ní omi ti há ewúrẹ́ mọ́ òdì kejì. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Omi yẹn há ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́ òdì kejì lóòótọ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, ilé sinimá ti kú. Wọ́n ń kó àgbàdo sínú rẹ̀. Wọ́n ní olùṣọ́ ilẹ̀kùn kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó lè gbà á, wọ́n sin ín pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ó dá mi lójú pé ẹni tó bá wọ ọ̀run nísinsìnyí kò ní jáde mọ́.

Ẹsẹ̀ bàbá wá kọ̀, ojú rẹ̀ wá ṣú. Orí ẹní ló wà ní yàrá rẹ̀ ní Glei. Mò ń lọ síbẹ̀, mo ń lóṣòó síwájú rẹ̀, orúnkún èmi náà sì ti ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bó bá ti gbọ́ orúnkún mi báyìí, á ní, "Ṣé ó ti sọdá?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ìyàwó mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ náà dé. Ó ti rẹ bàbá mi. Ó ń dúró dè é ni."

Mo wọlé, mo lóṣòó.

"Bàbá, ó ti dé."

"Ta ló fà á wá?"

"Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Èyí tó gbé àpótí."

"Láti ìgbà yẹn? Kò sá?"

"Kò rí ibi sá sí, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé e, ó tún rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé kò ní rí ibi sá sí." Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa. Yí padà."

N kò kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Mo di ògiri mú, mo dìde, mo rọra kọ ẹ̀yìn sí i. Ilẹ̀kùn yàrá wà ní ṣíṣí. Oòrùn òwúrọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé funfun bí aṣọ tí wọ́n ta, ọmọ rẹ̀ sì dúró láàárín ìmọ́lẹ̀ náà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ewú ti wà lórí rẹ̀.

Mo gbọ́ bàbá lẹ́yìn mi. "Ṣé ó tó owó rẹ̀?"

Ìyàwó mi wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Kí lẹ ń wò bí ẹni tó wà ní sinimá? Ẹ wá gba abọ́ yìí o, ẹ̀kọ ń tutù."